Ṣọ́ọ̀bù Eléré Ìdárayá Nílẹ̀ Tí Kò Ní Òkun

Àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí tí ayé ń pè ní Okun, a ò ní òkun. Omi tó tóbi jù tó sún mọ́ wa ni odò Ọya, ní Lọ́kọ́ja níbi tí òun àti Bẹ́núè ti pàdé, kò sì sí ẹni tó ń fi pátákó gun ìgbì níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò eré ìdárayá ní Kàbà, Ìsánlú tàbí Ìyàrà, àwọn tó ń ta pátákó ìgbì létí òkun ni mo máa ní kó kọ́kọ́ wò. Pátákó gan-an kọ́ ló ń bọ́ wọn. Èrè orí rẹ̀ kéré, ẹni tó bá sì ra ọ̀kan kì í tètè padà wá ra òmíràn. Ohun tó ń gbé ọjà wọn ró ni ìda tí wọ́n fi ń pa ojú pátákó kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀, okùn tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, aṣọ, àti àtúnṣe pátákó tó bá fọ́. Ìda ọ̀hún pàápàá, kí wọ́n tó tà á fún ọ, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ bí omi ibi tí ò ń lọ ṣe tutù tó. Ìda omi tútù, tó bá dé Tarkwa Bay l'Ékòó, ibi tí omi ti ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ látọdún dé ọdún, yíyọ́ ló máa yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn.

Omi làwọn yẹn ń bi. Ilẹ̀ làwa gbọ́dọ̀ bi.

Ilẹ̀ pápá wa, yangí ni. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ó máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì, òkúta wẹ́wẹ́ á sì yọjú lórí rẹ̀. Tí òjò bá dé, koríko á hù lẹ́gbẹ̀ẹ́, àárín pápá á sì di ẹrẹ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, koríko tí wọ́n ń bomi rin ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wo ara páálí tàbí ahọ́n bàtà náà, lẹ́tà méjì kan máa ń wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tajà kì í kà rárá. SG ni ti ilẹ̀ rírọ̀ tó lómi: eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pè ní sítọ́ọ̀dù, kì í pọ̀, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni, irin ló sì máa ń wà lẹ́nu wọn. FG ni ti pápá oníkoríko tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ níwọ̀nba, eyín rẹ̀ sì máa ń wà ní bíi mọ́kànlá sí mẹ́tàlá. AG ni ti koríko oníke. TF ni èyí tí eyín rọ́bà kéékèèké kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

Lórí yangí, SG kì í wọlẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n ara ọmọ náà á dúró lórí irin mẹ́fà, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ bí ìgbà tó ń sáré lórí táìlì. FG sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn kan bá fi máa parí, eyín rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì, gìgísẹ̀ ọmọ á sì ti máa dùn ún. TF ni bàtà ilẹ̀ wa. Tí mo bá fẹ́ ra bàtà mẹ́wàá fún ṣọ́ọ̀bù Kàbà, mẹ́fà á jẹ́ TF, mẹ́ta á jẹ́ FG tí eyín rẹ̀ kúrú tó sì rí roboto (kì í ṣe èyí tó pẹlẹbẹ bí ọ̀bẹ), ọ̀kan tó kù á jẹ́ kánfáàsì ọmọ ilé ìwé. SG kankan ò ní wọlé. Àwọn ọmọkùnrin máa bínú, wọ́n á ní bàtà TF kò rí bíi ti agbábọ́ọ̀lù gidi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tí bàtà bá gé lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ló máa kó kiri, kì í ṣe orúkọ tẹlifíṣọ̀n.

Nọ́ńbà bàtà ni ìjà kejì. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ẹ wọn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù, ẹ fi 1.5 kún un, lẹ́yìn náà ẹ fi ìdajì àpapọ̀ yẹn kún ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ 26 á di 27.5, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 13.75, gbogbo rẹ̀ á di 41.25. Nọ́ńbà 41 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ tó fi ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ rìn láìwọ bàtà máa ń fẹ̀ níwájú, bàtà tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á fún un, ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní 42. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa kéèyàn wọn ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Àwọn oníbàárà tó wà lọ́nà jíjìn máa ń fi páálí tí wọ́n fa ẹsẹ̀ sí ránṣẹ́ sí ọlọ́jà lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ẹ kọ́ wọn pé kí ẹni náà dìde dúró kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí pẹ́ńsùlù sì dúró ṣánṣán. Tí pẹ́ńsùlù bá dagun sábẹ́ ẹsẹ̀, ìdajì sẹ̀ǹtímítà ti lọ nìyẹn, bàtà á há. Ní ti òbí tó ń ra bàtà tó fi nọ́ńbà méjì ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ torí pé ọmọ ń dàgbà, ẹ rọra bá wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà kan ló lè fi jù ú. Èyí tí wọ́n bá fi tíṣù dí níwájú, á bó awọ ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Òkun kò sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ń bẹ. Bàtà tòkunbọ̀ ló ń mówó wọlé jù fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn, òun náà ló sì ń jẹ owó ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yàn. Ẹ di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ẹ rọra ká a. Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tó ti ṣẹ́ po, lábẹ́ oríkèé ìka ẹsẹ̀: bí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bá yọ níbẹ̀, ó máa là láàárín oṣù kan. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan rírán tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ṣe pàtàkì jù fún bàtà tó ní fóòmù láàárín: ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò padà, tàbí tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ irú fóòmù bẹ́ẹ̀ láti inú wá bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, kódà kí ẹnikẹ́ni má tíì wọ̀ ọ́ rí, kódà kó ṣì wà nínú páálí. Ìdí nìyẹn tí bàtà tó ń dán gbinrin lórí tábìlì fi ń já wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ ní ìdíje àkọ́kọ́.

Bàtà tí ẹnu rẹ̀ là kò tíì kú. Gọ́ọ̀mù ló ti gbó, ooru àti ọyẹ́ ló sì pa á. Ẹ fi sáńpépà ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì títí ojú ibẹ̀ á fi rí gbàkọ̀gbàkọ̀, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ojú méjèèjì. Kí ẹ wá dúró. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń bà á jẹ́. Gọ́ọ̀mù yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lẹ̀ ní tútù; ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ máa fi sílẹ̀ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ẹ kàn án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí kò ní gbà kí ẹ sún un lẹ́yìn náà, ẹ fi òòlù lù ú yíká, kí ẹ fi rọ́bà tíúbù dì í mọ́jú. Èyí tí wọ́n bá lẹ̀ ní tútù, èéfín gọ́ọ̀mù á há sáàárín, ẹnu á tún là kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ṣúmékà kó rán an yíká.

Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ jókòó tì jù. Nọ́ńbà 5 tó bá òfin mu, àyíká rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, ó sì wúwo tó gíráàmù 410 sí 450. Tépù télọ̀ àti òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun ló tó láti mọ̀ ọ́n. Ẹ máa gbé méjèèjì lọ sọ́jà Balógun tàbí ibikíbi tí ẹ bá ti ń ra ọjà, ẹ má tijú. Bọ́ọ̀lù púpọ̀ wà tí wọ́n kọ 5 sí lójú tó jẹ́ pé gíráàmù 360 ni, atẹ́gùn ọyẹ́ á máa gbé e kiri bíi páálí. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nọ́ńbà 4, àyíká rẹ̀ 63.5 sí 66, ìwọ̀n rẹ̀ 350 sí 390. Ẹ má ta 5 fún wọn torí pé ó kù nílẹ̀.

Ẹ má kó bọ́ọ̀lù jọ ní títẹ́, bí wọ́n ṣe fi wébìlì gbé e wá. Ojú ibi tó ti ká ló máa kọ́kọ́ là. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó rí roboto, kó wà lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀. Tó bá ku ọjọ́ kan kí ẹni tó rà á wá gbé e, ẹ fún un dé 8.5 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tó wà lójú géèjì), ẹ fi géèjì wò ó lọ́jọ́ kejì. Òfin eré bọ́ọ̀lù gbà láti 8.5 dé 15.6, ṣùgbọ́n lórí yangí, 8.5 sí 9 ti tó. Ilẹ̀ tó le àti bọ́ọ̀lù tó le, fífò ló máa ń fò kọjá orí gbogbo wọn, rírán rẹ̀ á sì máa já. Ẹ rántí pé oòrùn náà ń fún un lafẹ́fẹ́: èyí tí wọ́n fún ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tó bá di aago méjì ọ̀sán, á ti fi ju psi kan lọ láìsí pọ́ǹpù.

Abẹ́rẹ́ gbígbẹ ló ń pa bọ́ọ̀lù jù ẹ̀gún lọ. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé, rọ́bà kékeré kan tó pa ẹnu dé ló wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó gbẹ á ya á, tàbí kó tì í wọ inú lọ pátápátá. Ẹ kán gilisaríìnì ẹyọ kan sórí abẹ́rẹ́, ẹ tì í wọlé ní tààrà, kí ẹ má yí i bí ẹni ń lu ihò. Kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe òróró. Epo máa ń wú rọ́bà, á sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Ẹ̀rọ tó ń fún táyà ọkọ̀, kí ẹ tó kà dé mẹ́ta, bọ́ọ̀lù ti bẹ́.

Oníbàárà kan á dé, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù tí mo rà lọ́wọ́ yín ń jò.” Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ọjọ́ mélòó ló fi ń tẹ́. Tíúbù inú bọ́ọ̀lù pé oríṣi méjì. Látẹ́ẹ̀sì máa ń fò dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ bíi mélòó kan péré ló fi ń di afẹ́fẹ́ mú, bó ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Bútáìlì máa ń di afẹ́fẹ́ mú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí kan ló fi tẹ́, ẹ fi ọṣẹ onífòfò pa á. Tí ìfófòó bá yọ lẹ́nu abẹ́rẹ́, ẹ fi gilisaríìnì àti abẹ́rẹ́ tuntun gbìyànjú rẹ̀. Tó bá yọ lára, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì fa ojú rírán rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí òwú, a lè tún un ṣe. Bí ẹ ò bá rí òwú, gọ́ọ̀mù oníná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Bọ́ọ̀lù onírírán ti ìgbà àtijọ́ ní abala méjìlélọ́gbọ̀n: ogún tó ní igun mẹ́fà, méjìlá tó ní igun márùn-ún. Ẹ wá abala onígun mẹ́fà kan tí kò sún mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ tíúbù mọ́. Ẹ já òwú ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀, ẹ fa tíúbù síta, ẹ ha ojú ihò náà, kí ẹ fi páàṣì kẹ̀kẹ́ àti sólúṣàn lẹ̀ ẹ́. Ẹ fún un lafẹ́fẹ́ níta, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú omi kí ẹ tó dá a padà. Òwú tí wọ́n fi ìda pa ni ṣúmékà fi máa rán an, abẹ́rẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ tó gbẹ̀yìn ló le jù, nítorí ọwọ́ kò lè wọ inú mọ́. Á fi òwú sílẹ̀ ní dídẹ̀, á fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì ti kókó rẹ̀ wọ inú. Sialkot ní Pakistan, ìlú tí wọ́n ti ń fọwọ́ rán bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, irú kókó yìí ni wọ́n fi ń parí rẹ̀.

Ẹ má gba kọ́bọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù oníduró kan àti géèjì kan lẹ́nu ọ̀nà á mú balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó wọlé torí afẹ́fẹ́ á rí ìbọ̀sẹ̀, á rí bándéèjì, á rí fèrè. Èyí ni ìda tiwa.

Jẹ́sì ni ibi tí owó wà, ibẹ̀ náà sì ni jẹnẹrétọ̀ ti ń dójú tini. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà sára jẹ́sì, tí gbogbo wa ń pè ní heat press, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38 níbùú lóròó, ó ń jẹ iná láàárín wáàtì 1,400 sí 1,800. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour kò lè gbé e, á kàn máa kérora ni. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 3.5 kVA. Iná ìjọba náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: tó bá wá ní fóltì 160 dípò 220, agbára ẹ̀rọ náà kì í dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin péré, bí ìdajì ló ń dín. Ojú ẹ̀rọ á pẹ́ kó tó gbóná, á sì tún tutù lẹ́yìn jẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò fura á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, nọ́ńbà á sì máa bó lẹ́yìn fífọ̀ kejì.

Fáínẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gé nọ́ńbà àti orúkọ lára rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ ìwọ̀n ooru 150 sí 160 ti Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ gé e ní òdì, bí ẹni ń wo dígí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣa àwọn tí kò wúlò kúrò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ jẹ́sì lásán fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí omi inú aṣọ lọ, pàápàá lásìkò òjò. Nọ́ńbà ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà 25 ló dáa fún àgbà, kẹ́ni tó wà lábẹ́ igi máńgòrò lódìkejì pápá lè rí i. Ẹ bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá bó ike òkè tó gbé e dání, ẹ tún un tẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Kí wọ́n má fọ̀ ọ́ kí ọjọ́ kan tó kọjá.

Jẹ́sì pupa yàtọ̀. Ooru máa ń tú aró rẹ̀, aró á sì gun orí nọ́ńbà funfun. Lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, funfun báláú ni. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́ta, ó ti di pínkì. Gbogbo ẹgbẹ́ á ní ayédèrú lẹ tà. Fáínẹ́ẹ̀lì tó ń gbà ní ìwọ̀n ooru 130, tàbí èyí tí wọ́n ṣe láti dí aró, ni kí ẹ lò fún pupa. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n gba nọ́ńbà dúdú.

Ó ku orúkọ. Àwọn èèyàn ti ń fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ wọn bó ṣe yẹ, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n àmì tó wà lábẹ́ ẹ àti ọ, tí wọ́n bá gé e ní tóótó tó dá dúró, kì í tóbi ju orí ìṣáná lọ. Fífọ̀ kẹta ló máa ń bọ́, Ọlá á wá di Ola. Ẹ má gé e ní tóótó. Ẹ fa ìlà kúkúrú kan wálẹ̀ láti ìdí lẹ́tà náà, kó fara kan án, bí àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ kan ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kó fẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin. Lẹ́tà àti àmì á di ẹyọ kan, kò sí ohun tó máa bọ́. Àmì òkè kò gba irú ìtọ́jú yìí, ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sì í béèrè rẹ̀.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, kí balógun ẹgbẹ́ kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ìwọ̀n aṣọ olúkúlùkù sórí bébà kan, kó sì fọwọ́ sí i. Orúkọ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù ni ẹ máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́sì tó bá ti Ṣáínà wá sábà máa ń fi ìwọ̀n kan kéré sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹni tó ń wọ L, XL ni kó gbà. Fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìdínlógún, mo máa ń ka S méjì, M márùn-ún, L méje, XL mẹ́rin, kí ti gólì sì ní àwọ̀ tó yàtọ̀.

Oṣù Kérésì ni ìkórè. Àwọn ará ilé á dé láti Abuja, Kàdúná àti Èkó, ìlú kọ̀ọ̀kan, kódà àdúgbò kọ̀ọ̀kan, á sì gbé ife ẹ̀yẹ kalẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ tà nígbà náà, kó ti wà lọ́nà nígbà tí oṣù kẹwàá bá máa fi parí, torí wébìlì oṣù kejìlá kò ṣeé gbójú lé. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ àwọ̀ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti mú sí. Bí àdúgbò méjì bá wọ búlúù lọ́jọ́ àṣekágbá, ẹ̀yin tí ẹ tà á ni wọ́n máa wá bá. Ìdá méje nínú mẹ́wàá owó gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ̀rọ tó gbóná, ìyókù kí jẹ́sì tó jáde. Ẹni tó ń dá ife sílẹ̀ sábà máa ń sọ pé ọ̀gá kan ní Abuja ló máa san án. Ẹ kí ọ̀gá náà, kí ẹ sì dúró de owó rẹ̀.

Ilé ìwé ni ti oṣù kìíní sí ìkẹta, fún eré ìje ilé sí ilé: pupa, búlúù, ewéko, yẹ́lò. Àwọ̀ wọn kì í yí padà, nítorí náà ẹ lè rà á sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Igi tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn nínú eré ìje, kì í ṣe igi ìgbálẹ̀ tí káfíńtà gé. Ó yẹ kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30, kó má fúyẹ́ ju gíráàmù 50 lọ. Bí ẹ bá máa ta àwìn fún ilé ìwé, ẹ gba ìwé tí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí, kí ọjọ́ sísan sì wà nínú rẹ̀, torí ọ̀gá àgbà máa ń gba ìyípadà ibi iṣẹ́, gbèsè kì í bá a lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, àwọn jẹ́sì tí nọ́ńbà wọn ṣẹ́kù á wà níbẹ̀: 13 tí kò sẹ́ni tó fẹ́, 22 tí ẹni tó ni ín kò wá mọ́. Ẹ má gbóná ẹ̀rọ láti bó wọn. Ojú ibi tí nọ́ńbà wà máa ń yọ bí àpá. Ẹ to wọn sí àwọ̀ mẹ́rin ilé ìwé, ẹ tà wọ́n ní iye tí ẹ rà wọ́n, kí ẹ sì so fèrè kan mọ́ méjìlá-méjìlá.